Ọ̀nà tí Tírélà Kò Mọ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀, Ìṣọ́kùn ò tíì jí tán.
Mo ti kẹ̀kẹ́ bàbá mi jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, ó le bí àgbọn.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ló tún un ṣe lánàá. Ó ní:
"Ṣéènì tuntun ni, àmọ́ bíréèkì ẹ̀yìn yẹn,
àdúrà ni kẹ́ ẹ máa fi ràn án lọ́wọ́."

Ọ̀nà Àkúrẹ́ làwọn aláriwo ń gbà,
tírélà sìmẹ́ǹtì, bọ́ọ̀sì tó ń sáré bí ẹni jalè.
Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.
Èmi yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
níbi tí ọ̀dà ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà,
tí koríko ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nawọ́ síra wọn.

Ọyẹ́ mú. Mi ò rí ju òpó iná méjì lọ níwájú.
Kẹ̀kẹ́ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi, kìrì-kìrì, kìrì-kìrì,
ìyẹn nìkan, àti èémí mi,
àti àparò kan tó fò pàrà nínú oko ẹ̀gẹ́
bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í tẹ́jú fúnni.
Ó gbé ọ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀,
kí o tó dúpẹ́, ó tún ti gbé ọ.
Òkè kìíní, mo gùn ún pẹ̀lú orin lẹ́nu.
Òkè kejì gba orin náà lẹ́nu mi.
Ní òkè kẹta mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń ti irin,
irin ń ti èmi náà.

Bàbá mi gba ibí, tòun ti ìdì àǹkárá lẹ́yìn.
Òṣómàáló ni. Á tà á láwìn lónìí,
á padà wá lóṣù kejì, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní dìde, kò ní jẹun, àfi bówó bá jáde.
Wọ́n ní àwọn ọkùnrin Ẹ̀sà-Òkè a máa fò fèrèsé
bí wọ́n bá gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Ṣé ó rí bí oòrùn ṣe ń yọ lẹ́yìn àpáta,
tó ń ya ìkùukùu bí ẹni ya aṣọ ní ọ̀pá?
Kò sọ fún wa rí. Iye owó ló máa ń sọ.

Lẹ́yìn Ẹ̀sà-Òkè, ọ̀nà dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síta.
Afẹ́fẹ́ wọnú bùbá mi, ó sọ mí di oníkùn,
igi obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọdé kan tó ru omi,
gbogbo wọn ń sá sẹ́yìn,
èmi olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì
ń pariwo bí ọmọ tó sá kúrò ní sùkúù.
Mo rántí bíréèkì. Mo gbàdúrà. Ó gbọ́ díẹ̀.

Nísàlẹ̀ òkè, ìyá àgbà kan ń sá kòkó sórí ẹní.
Mo tẹ aago pé kí adìyẹ yà.
Ọwọ́ ìyá dúró.
"Aago Arógundádé nìyẹn. Ṣé òkú ló ń gun kẹ̀kẹ́ ni?"
"Ọmọ rẹ̀ ni mí, ìyá. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tó ti lọ."
Ó ní òun jẹ ẹ́ lówó ọ̀pá àǹkárá mẹ́ta,
aṣọ ìsọmọlórúkọ ni. Ọjọ́ tó wá sin owó, òun sá wọgbó.
"Ó lóṣòó síbí títí ojú ọ̀run fi ṣú.
Mò ń wò ó láàárín ewé.
Ó dìde, ó kó kòkó mi wọlé kí òjò tó dé, ó lọ.
Kò yà síbí mọ́."

Ó fẹ́ wọlé lọ mówó. Mo ní rárá.
Ó bu omi àmù fún mi nínú ife tánganran.
Kò sí àga níta.
Mo bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀,
eékún mi ń ké bí ṣéènì tí kò rí òróró.
Òkè mẹ́tàlá ló kù kí n tó délé.
Mo ní kó tún bu omi sí i.